Kásẹ́ẹ̀tì Olówùú Pupa àti Igbó Agbóhùnmì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹni tí yóò wúkọ́, kí ó wúkọ́ báyìí. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kí ó lọ mu omi kí ó sì padà wá jókòó. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, etí ni ó dá lé, ẹni tí kò bá sì fi etí sílẹ̀ nígbà tí ó yẹ, yóò máa wá ohun tí yóò gbọ́ kiri nígbà tí kò bá sí mọ́.

Ọdẹ́yọyè ọmọ Akínlàjà ni ó ṣẹlẹ̀ sí, ọdẹ ìlú Ìdó-Àparò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò sé wa mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ohun tí ó sọ náà ni mò ń sọ.

Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ẹfọ̀n mẹ́rìnlá ni ó pa, kò sì sí ọdẹ tí ń bá a du iwájú ní agbègbè náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ni ó ń mú un yangàn. Ohùn ni. Bí ó bá ń sun ìjálá, àwọn tí ń lọ sí oko yóò sọ ọkọ́ kalẹ̀, àwọn tí ń ti odò bọ̀ yóò dúró pẹ̀lú omi lórí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ohun kejì tí ó fẹ́ràn ni ẹ̀rọ orin. Ó ní asọ̀rọ̀mágbèsì ńlá kan tí ó ní ojú méjì tí ohùn ń gbà jáde, àti ẹnu tí kásẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ ní àárín. Iná mànàmáná kò tí ì dé Ìdó-Àparò nígbà náà, bátìrì mẹ́jọ ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Ọdẹ́yọyè mọ bí a ti ń gbádùn orin. Àpótí ìjókòó rẹ̀ kì í kúrò ní ojú kan, ibi tí ohùn ojú ọ̀tún àti ohùn ojú òsì ti ń pàdé. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, yóò fi òwú tí ó rẹ sínú ọtí líle nu ẹnu ẹ̀rọ náà títí òwú yóò fi jáde ní funfun. Kò jẹ́ fi ẹ̀rọ yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, bírò ni ó fi ń yí i, kí bátìrì lè pẹ́. Bí ó bá gbọ́ orin tán, yóò fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà bí ẹni bo ọmọ tí ó sùn. Ìtọ́jú báyìí dára. Ẹni tí kò bá lè tọ́jú ohun èlò, kò yẹ ní ẹni tí à ń fún ní nǹkan. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé òun nìkan ni ẹ̀rọ náà wà fún. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ tàn án, ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Ó ń tọ́jú bátìrì náà, ṣùgbọ́n nítorí etí tirẹ̀ nìkan ni.

Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Ìbídùn. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí fún un, Àwẹ̀ró. Nígbà tí Àwẹ̀ró pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àìsàn wọ Ìbídùn lára, ó sì mọ̀ pé òun kò ní dìde. Ó pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, ó ní, "Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú àpótí mi tí mo fi òwú pupa dì ní àárín. Má gbọ́ ọ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí wàá re ilé ọkọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ní agbo ilé wọn, ìyàwó kì í fi ẹsẹ̀ kan gba ìloro kọjá títí ìyá rẹ̀ yóò fi dúró ní ìta, tí yóò fi oríkì pè é jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìyá bá ti kú, ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin ni yóò pè é. Ìbídùn kò ní ọmọ ìyá. Ó rí i pé ìloro yóò yadi fún ọmọ òun, ó sì gba oríkì náà sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì wà. Ó tún ṣẹ́ etí kásẹ́ẹ̀tì náà méjèèjì, ike kékeré tí ó wà lókè ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí bí a bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹ̀rọ kì í gbà kí a gba ohùn mìíràn lé e.

Ẹ̀rọ kò gbà, ṣùgbọ́n ọdẹ gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ. Ní ọdún kẹjọ tí Ìbídùn ti kú, ọdún Ògún ku ọ̀sẹ̀ kan, ó wu Ọdẹ́yọyè kí ó gbọ́ ìjálá ara rẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ kí ó tó lọ sun ún láàárín àwọn ọdẹ. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ti tán nílé. Ó ṣí àpótí ìyàwó rẹ̀ tí ó ti kú, ó rí èyí tí ó ní òwú pupa, ó ní orin ọjà kan ni yóò wà níbẹ̀. Ó rí i pé a ti ṣẹ́ etí rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ó ṣẹ́ ẹ àti ohun tí ó mú un ṣẹ́ ẹ. Ó mú ìda oyin, èyí tí àwọn ọdẹ fi ń dí ẹnu ìwo ẹ̀tù, ó fi dí ihò méjèèjì, ó tẹ bọ́tìnnì pupa, ó sì sun ìjálá fún ojú kìn-ín-ní àti ojú kejì. Nígbà tí ó ṣe tán, ó tún fi òwú pupa náà dì í dáadáa, ó dá a padà sí àyè rẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ìgbéyàwó Àwẹ̀ró ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọmọ náà mú kásẹ́ẹ̀tì wá bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a kàn gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má ti bu."

Ọdẹ́yọyè ti rí òwú pupa náà. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí ẹnu ẹ̀rọ. Ohùn tí ó jáde dùn, ó sì lágbára:

"Èmi Ọdẹ́yọyè, ẹkùn ọmọ Akínlàjà,
A-rìn-nígbó-bí-ẹni-tó-ni-ín,
Ẹfọ̀n rí mi, ó gbàgbé koríko ẹnu rẹ̀."

Àwẹ̀ró gbọ́ ojú kìn-ín-ní tán, ó yí i padà, ó gbọ́ ojú kejì tán. Bàbá rẹ̀ sọ fún wa pé òun kò tí ì rí ọjọ́ tí ìjálá òun gùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó parí, ọmọ náà pa ẹ̀rọ, ó fi aṣọ rẹ̀ bò ó bí ó ti rí i tí bàbá rẹ̀ máa ń ṣe.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni ó wí. "Ohùn yín dùn gan-an. Ẹ bá mi ránṣẹ́ sí àwọn àna yín pé kí wọ́n má ṣe ìyọnu mọ́. N kò lè gba ìloro tí kò sọ̀rọ̀ kọjá."

Ẹyin ni ohùn, ẹ̀yin èèyàn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.

Ọdẹ́yọyè gba ilé Ògúnṣèyè lọ, àgbà ọdẹ tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìbọn yínyìn. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Àgbàlagbà náà ní, "Ìda oyin ni o fi dí i?"

"Òun ni, Baba."

"Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti ń fi ìda dí nǹkan. N kò kọ́ ọ pé gbogbo ihò ni à ń dí." Ó tẹnu mọ́ ìkòkò tábà rẹ̀, ó fa èéfín. "Ohùn tí a bá pa rẹ́ kì í kú. Igbó Agbóhùnmì ni ó ń lọ. Arúgbó obìnrin kan ni ó ń tọ́jú wọn níbẹ̀."

"Ta ni ó ti lọ rí?"

"Mo mọ àwọn tí wọ́n lọ. Wọn ò padà wá sọ bí ó ti rí. Ìwọ ṣáà mú ẹsẹ̀ rẹ dání. Ẹnu rẹ kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

N kò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín dúró. Ní ọjọ́ kejì Ọdẹ́yọyè dé ẹ̀bá igbó náà, pẹ̀lú ìbọn, àdá, ìrùkẹ̀rẹ̀, oògùn tí ó kún ara gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, àti kásẹ́ẹ̀tì náà nínú àpò awọ. Iwin kan jókòó sí ibodè. Etí rẹ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì fẹ̀ tó ẹní tí èèyàn mẹ́ta lè sùn lé. Elétí-Ẹní ni orúkọ rẹ̀.

"Mo ti ń gbọ́ bí o ti ń yan bọ̀ láti àná," ni Elétí-Ẹní wí. "Kò sí ẹni tí ń gba ibí kọjá láìjá àlọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ilé ń gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Kí ni?"

Ọdẹ́yọyè rẹ́rìn-ín. "Àlọ́ ọmọdé ni èyí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni."

"Rárá o. Ìwọ ni, nínú ilé rẹ. Bi ọmọ rẹ wò bí o bá padà délé." Iwin náà ká etí rẹ̀ sí èjìká bí ẹni ká aṣọ. "Ṣùgbọ́n o sún mọ́ ọn díẹ̀, n kò ní jẹ ọ́. Jẹ́ kí a jìjàkadì."

Wọ́n jà. Elétí-Ẹní dá a ní ẹ̀ẹ̀kan. Òun náà dá Elétí-Ẹní ní ẹ̀ẹ̀kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọdẹ náà fi ẹsẹ̀ tẹ ìṣẹ́tí etí náà mọ́lẹ̀, ó yí iwin náà ká, ó sì wé e mọ́ inú etí ara rẹ̀ bí ẹ̀kọ tí a fi ewé pọ́n. Nígbà tí ó ń sọ èyí fún wa, ó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ arúgbó rẹ̀, ó ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Ẹni tí ẹ ń rí yìí ló fi etí di iwin lẹ́rù. Nínú gbogbo yín, ta ni ó ti di ewúrẹ́ lẹ́rù rí?"

Adégbìtẹ́ télọ̀, tí ó jókòó láàárín wa, ní, "Bàbá, èmi ti di aṣọ."

"Jókòó, télọ̀."

Ṣùgbọ́n bí ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú igbó ni ìgbéraga rẹ̀ tán. Gbogbo ohùn dá. Ó tẹ ewé gbígbẹ, ewé náà kò ró. Ó wúkọ́, kò gbọ́ ikọ́ ara rẹ̀. Ẹranko kan jáde sí i, ó ga tó àká, ìwo rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ó ń bú. Ọdẹ́yọyè yìnbọn sí i. Iná yọ, èéfín rú, ìbọn kò dún. Ọta bọ́ sílẹ̀ ní iwájú rẹ̀ bí èkùrọ́, nítorí nínú igbó náà, ohun tí kò bá dún kò lágbára. Ó fẹ́ pe ọfọ̀. Ó mọ ọfọ̀ tí ń sọ ẹkùn di ológbò, ó pè é, ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohun tí ó jáde. Oògùn rẹ̀ kò gbọ́. Ṣé ẹ mọ òwe àwọn àgbà tí ó ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́? Ọdẹ́yọyè ti pa á lójú agbo lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ náà ni òwe ọ̀hún fi eyín hàn án.

Ó wọ inú ihò igi ìrókò kan, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ẹranko náà fi lọ. Ó ní nínú ihò yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ti wá sí òun lọ́kàn. Ọdún mẹ́tàlá ni Ìbídùn fi gbé ilé òun. Ó ha lè jẹ́ pé bí inú ihò yìí ti rí ni ó rí fún un?

"Bàbá," ni Adégbìtẹ́ wí, "nígbà tí kò sí ohùn, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹranko náà ń bú?"

"Ìwọ, bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ, ṣé ó máa ń pariwo kí o tó mọ̀?"

Ẹ̀yìn igbó adákẹ́ yìí ni ó ti bọ́ sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Awòmálọ. Ìlú náà mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gbálẹ̀, kò sí èéfín oúnjẹ, kò sí ọmọdé. Olúkúlùkù ará ìlú jókòó síwájú amóhùnmáwòrán tí ó tóbi tó ògiri ilé. Àwòrán tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ìgbésí ayé ẹni náà tí ó ti kọjá ni, ó mọ́lẹ̀ kedere, kò ṣáà ní ohùn ni. Baba kan tí ń jẹ́ Fátúnsìn fi ọwọ́ pe Ọdẹ́yọyè sí àga òfìfo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Jókòó, ọ̀gbẹ́ni. Ibí kò ní wàhálà. Bátìrì ti ibí kì í jó tán."

Ọdẹ́yọyè wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ikán ti mọ ilé dé orúnkún bàbá náà.

"Baba, ikán ń jẹ yín."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí èyí parí ná. Ó ku ibi tí ìyá mi ti ń rẹ́rìn-ín."

Ọdẹ́yọyè ní òun yóò kàn sinmi díẹ̀. Bí ó ti jókòó, ògiri iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì rí Ìbídùn. Ó ń wé gèlè níwájú dígí kékeré tí ó ti sán. Ó ń fẹ́ iná, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ó pọn Àwẹ̀ró, ó ń jó lọ jó bọ̀ nínú yàrá láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ẹnu rẹ̀ ń mì. Orin kan ni ó ń kọ. Ọkọ rẹ̀ tẹ ara síwájú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbìyànjú láti rántí orin tí ó máa ń kọ, kò rántí. Orin tí ó wà lórí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n dé orí ikọ́ olórin. Ti ìyàwó rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ó jókòó síbẹ̀, kò jẹun, kò mu omi. Àwòrán ń lọ, ó ń wò. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó rí Ìbídùn tí ó wọ yàrá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wo ẹ̀yìn, ó ṣí aṣọ kúrò lórí asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí ó dúró ní ìta ìloro. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan yọ, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ojú rẹ̀ le, ó la ẹnu.

Ọdẹ́yọyè mọ ọkùnrin náà. Kò nílò ohùn kí ó tó mọ ohun tí ó ń wí, nítorí ó rántí ọjọ́ náà. Ìtìjú gbé e dìde lórí àga bí ẹni pé ìjàlọ bù ú jẹ.

"Má lọ," ni Fátúnsìn wí láì wo ẹ̀yìn. "Ọjọ́ mẹ́rin péré ni o tíì lò. Ibi tí ó dùn kò tíì dé."

"Baba, ọmọ mi ń retí mi."

"Tèmi náà ń retí mi," ni bàbá náà wí, kò sì gbé ojú kúrò lára ògiri.

Ní ọjọ́ keje ni ó dé ibi tí ó ń lọ. Gbogbo igi ibẹ̀ ni ó ru okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, bí irú èyí tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n rọ̀ jọwọlọ bí irùngbọ̀n arúgbó. Gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àlàyé ìyá fún ọmọ, ìkíni ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi, orin tí ẹnìkan kọ nígbà tí ó rò pé òun dá wà. Lábẹ́ igi tí ó tóbi jù, arúgbó obìnrin kan jókòó, ó ń rànwú. Kì í ṣe òwú ni ó wà lórí ìràn, igi ìrànwú rẹ̀. Ohùn ni.

Ọdẹ́yọyè dọ̀bálẹ̀. "Mo júbà, Ìyá Arànhùn. Ohùn ìyàwó mi ni mo wá gbà."

"Dìde. Èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀?"

Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo okùn náà ń pe ọdẹ náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wí pé, "Èmi ni Ìbídùn." Ìyà tí ń jẹ ohùn tí a ti gbàgbé pọ̀, wọ́n ṣetán láti jẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni tí yóò mú wọn relé.

"Kí ni ìyàwó rẹ sọ nínú rẹ̀?" ni arúgbó náà béèrè. "Sọ gbólóhùn kan, okùn náà á wá bá ọ."

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ohùn tí ó wà nínú ilé rẹ fún ọdún mẹ́jọ kí o tó pa á rẹ́?"

"N kò gbọ́ ọ rí, Ìyá."

Arúgbó náà dá ìràn dúró. Ó wò ó bí ẹni tí ń wo iṣu tí ó jẹrà láti inú. "Padà sílé nígbà náà. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá."

Ọdẹ́yọyè dúró, kò lọ. Ó ní, "N kò mọ ohun tí òun sọ. Mo mọ ohun tí èmi sọ. Mo wọlé bá a níbi tí ó ti ń gbà á sílẹ̀, mo kígbe mọ́ ọn. Igbe náà yóò wà níbẹ̀." Ó wo ilẹ̀, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ìbídùn, ta ló ní kí o máa fi bátìrì mi ṣeré?"

Lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kan, ohùn ọkùnrin dáhùn, ohùn rẹ̀ gan-an, ó le, ó sì kún fún ìbínú. Okùn kan já bọ́ láti orí igi, ó sì wọ́ wá sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Òun ni," ni arúgbó náà wí. "Bí ó ti wà ni n óò fi fún ọ. N kì í fi kún ohùn, n kì í yọ kúrò nínú rẹ̀. Kí ni o máa fi dípò?"

Ó gbé ìbọn kalẹ̀, arúgbó náà mi orí. Ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó tú gbogbo oògùn ara rẹ̀ jọ, arúgbó náà mi orí.

"Ohun tí o fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ni mo fẹ́."

Ó mọ ohun tí ó ń wí. Ó ní òun ronú pẹ́ díẹ̀, kò sì fi pa mọ́ fún wa. Ìjálá ni ilé rẹ̀, ìjálá ni oyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rántí bí Àwẹ̀ró ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ, ó la ẹnu. Arúgbó náà ti orí ìràn bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, ó yí i, ó fa okùn aláwọ̀ ilẹ̀ jáde, ó ń fà, ó ń fà. Bí ó ti ń kọjá ni Ọdẹ́yọyè ń gbọ́ ọ, oríkì erin, oríkì ẹfọ̀n, oríkì ìkookò, oríkì bàbá rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbà ìkẹyìn. Nígbà tí ó tán, arúgbó náà fi okùn Ìbídùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó yọ ìda oyin kúrò ní ihò méjèèjì, ó sì fi òwú pupa dì í.

"O ṣì lè sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Bí àwa yòókù ti ń sọ ọ́."

Ó wọ Ìdó-Àparò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án. Kò tíì ránṣẹ́ sí àwọn àna, wọ́n sì ti dé, wọ́n tò sí ìta. Àwẹ̀ró wà nínú ìloro. Ó ti wọṣọ nítorí pé àwọn obìnrin ilé bẹ̀ ẹ́, ó da ìborùn bojú, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún wọn pé òun kò ní gbé ẹsẹ̀. Ọdẹ́yọyè kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹ̀rọ jáde, ó kọjú rẹ̀ sí ilẹ̀kùn, ó fi bátìrì tuntun mẹ́jọ sí i, èyí tí ó ti kó pamọ́ fún ọdún Ògún. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ohùn Ìbídùn jáde. Kò lágbára, ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun ni. Àwọn obìnrin tí wọ́n mọ̀ ọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Àwẹ̀ró, jáde wá, ọmọ mi.
Ọmọ tí mo fi òru pọ̀n, tí mo fi ọ̀sán gbé jó.
Ọmọ a-ti-odò-bọ̀-bí-ẹni-ń-re-ibi-ayọ̀,
Omi kún ìkòkò rẹ dé ẹnu, kò dà sí ọ lára.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí o gbé, ìyá rẹ ń wò ọ́.
Ọ̀nà tí o gbà lọ kò ní dí mọ́ ọ lẹ́yìn,
Ilé tí o wọ̀ kò ní lé ọ.
Bí o bá dé ilé ọkọ rẹ..."

Àwẹ̀ró ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ibi àdúrà ìkẹyìn ni ó kù, ibi tí a kò gbọdọ̀ fò. Ilẹ̀kùn kan dún nínú ẹ̀rọ, ohùn ọkùnrin wọlé, gbogbo ìta sì mọ ẹni tí ó ni ín.

"Ìbídùn, ta ló ní kí o máa fi bátìrì mi ṣeré? Pa á."

Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, ọkọ mi." Bọ́tìnnì dún kẹ́. Ohun tí ó kù lórí kásẹ́ẹ̀tì náà, ṣììì ni.

Wọ́n dúró, bóyá yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kò tún bẹ̀rẹ̀. Ìbídùn kò rí àyè mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣì wà ní òkè. Gbogbo ojú yí sí Ọdẹ́yọyè, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń mú ará oko sọ ọkọ́ kalẹ̀, pé kí ó gbà á kí ó parí rẹ̀. Ó la ẹnu láti ki ọmọ rẹ̀. Ṣììì ni ó jáde, bí ti inú ẹ̀rọ gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọdé wo ẹ̀rọ, wọ́n wo òun, wọn kò mọ èyí tí ó ń dún.

Ó pa ẹnu dé. Ó rìn lọ sí ẹnu ìloro, ó sì fi ohùn lásán bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́.

"Bí o bá dé ilé ọkọ rẹ, tí o bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, sọ ọ́ parí. Ẹni yòówù kí ó wọlé bá ọ."

Àwẹ̀ró dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀ sí ìta, ó gba ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ kọjá, kò fi ọwọ́ kàn án, kò sì bú u. Ó lọ.

Ohun tí ó sọ fún wa nìyí. Òjò ti dá nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dìde. Ọdẹ́yọyè wọ yàrá, ó gbé ẹ̀rọ náà jáde, ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, a sì gbọ́ ohùn Ìbídùn, a gbọ́ ilẹ̀kùn, a gbọ́ igbe náà, a gbọ́ kẹ́. A rò pé yóò pa á. Kò pa á. Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀, níbi tí ohùn ọ̀tún àti ti òsì ti ń pàdé, ó ń gbọ́ ṣììì náà títí kásẹ́ẹ̀tì fi yí dé òpin. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe lójoojúmọ́, bátìrì ì báà jó tán.

Ẹnu ọ̀nà ni mo bá a dé, mo padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Bí ẹ bá bá ẹnìkan níbẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ná.